Ṣọ́ọ̀kù iwájú kẹ̀kẹ́ mi ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀: ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?

Àkàndé_Bódìjà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Mo ní kẹ̀kẹ́ orí òkè kan, tòkúnbọ̀ ni, táyà ínṣì 26. Fíréèmù rẹ̀ dá ṣáká, gíà ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀kù iwájú rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. RockShox Reba ni wọ́n kọ sí i lára, 100 mm. Afẹ́fẹ́ ló ń lò, kò ní sípíríǹgì. Ní ẹsẹ̀ òsì, fáàfù kan wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ ìdérí kékeré.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní pọ́ǹpù ṣọ́ọ̀kù. Bí mo bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lálẹ́, á dúró dáadáa. Kó tó di àárọ̀, iwájú kẹ̀kẹ́ á ti lọ sílẹ̀ tó ìwọ̀n ìka méjì. Bí mo bá di háńdù mú tí mo fà á sókè, ó máa ń nà, ṣùgbọ́n gbàrà tí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á tún sún padà sísàlẹ̀, àfi bí ẹni pé nǹkan ń fà á látinú. Tí mo bá sì gùn ún dé Mọ́níyà tí mo padà, ọ́ìlì dúdú á ti ṣe òrùka yí àwọn ọ̀pá dídán yẹn ká, eruku á wá lẹ̀ mọ́ ọn.

Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní kí n jẹ́ kí wẹ́dà jó o pọ̀ kó má lè mì mọ́. Òmíràn ní ó ti kú, kí n wá fọ́ọ̀kì (ẹsẹ̀ iwájú tó di wíìlì mú) onírin lásán fi sí i. Fọkanáísà àdúgbò wa ní kí n gbé e wá, òun á fi ẹ̀rọ òun fẹ́ ẹ ní àfẹ́yó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ló ti kú?

Déjì_Alágídí:

Bọ̀dá Àkàndé, ẹ má fowó yín ṣòfò. Nǹkan tó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ẹ ra fọ́ọ̀kì tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dè é mọ́ ọn, ó parí.

Ìyá_Kẹ̀kẹ́:

Déjì, tuntun wo? Ọrùn fọ́ọ̀kì tó ń wọnú fíréèmù ayé ìgbà yẹn, ínṣì 1⅛ ni látòkè délẹ̀, ó rí gbọọrọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tuntun tó dára, ìsàlẹ̀ ọrùn wọn ti fẹ̀ dé ínṣì 1½, kò ní wọlé. Wíìlì 27.5 tàbí 29 ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Áàsì wọn jẹ́ 15 mm, ti kẹ̀kẹ́ Àkàndé á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 9 mm. Tó bá ra fọ́ọ̀kì, á ra wíìlì. Tó bá ra wíìlì, á ra fíréèmù. Ta ni yóò sanwó rẹ̀, ṣé ìwọ ni? Àwọn tuntun tó ṣì bá irú fíréèmù yẹn mu, onísípíríǹgì olówó pọ́ọ́kú ló pọ̀ nínú wọn. Wọ́n wúwo, wọn kì í sì í gbọ́ òkúta kékeré. Reba tó ti gbó tí a tún ṣe, mi ò ní fi wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Àkàndé, kò tíì kú. Má jẹ́ kí wẹ́dà kankan sún mọ́ ọn o! Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ méjèèjì yẹn kì í ṣe irin, magnésíọ̀mù ni, mẹ́tàlì kan tó fúyẹ́. Magnésíọ̀mù tó bá gbaná, omi kì í pa á, ṣe ni omi ń dá kún un. Fọkanáísà náà, kó ṣì fi ẹ̀rọ rẹ̀ mọ sí ti táyà. Àyè tí afẹ́fẹ́ wà nínú ṣọ́ọ̀kù kéré, kó tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ ẹ̀rọ yẹn á ti kọjá ààlà.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí mi sí, Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Òjò ni ọ̀tá wa níbí. Àpáta oníyanrìn ni àwọn òkè Peak District tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹrẹ̀ rẹ̀ máa ń há sẹ́nu síìlì (rọ́bà tó yí ọ̀pá dídán ká), á máa ha ọ̀pá. Lọ́dọ̀ yín, eruku ọyẹ́ ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé rọ́bà àti ọ́ìlì ló ń gbó nínú ṣọ́ọ̀kù, irin rẹ̀ kì í tètè gbó. Rọ́bà àti ọ́ìlì kò sì wọ́n.

Kó o tó mú sípánà, mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ni afẹ́fẹ́ wà, yàrá méjì ló ní, písítìnì ló là wọ́n láàárín. Yàrá òkè ló ń gbé ọ sókè. Yàrá ìsàlẹ̀ ń fà á wálẹ̀ díẹ̀, kí ṣọ́ọ̀kù lè tètè gbọ́ bí òkúta bá kàn án. Tí òkè bá jò tí ìsàlẹ̀ ò jò, ìsàlẹ̀ á borí. Ohun tó ń fà á látinú nìyẹn.

Nítorí náà, láàárọ̀, kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, so pọ́ǹpù mọ́ fáàfù òkè kó o ka iye psi (agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì). So ó mọ́ ti ìsàlẹ̀, kà á. (Okùn pọ́ǹpù náà á gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ kó tó kà, iye tó o bá rí á dín sí bó ṣe wà gan-an. Má bẹ̀rù.) Bí òkè bá ti lọ sílẹ̀ tí ìsàlẹ̀ dúró, fáàfù òkè tàbí rọ́bà ìdérí òkè ló ń jò, ìyẹn ò le. Bí méjèèjì bá ti di iye kan náà tí kẹ̀kẹ́ sì ṣì rẹlẹ̀, rọ́bà písítìnì ni, ó máa di dandan láti tú inú. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló jò, o ò ní bi mí, etí rẹ á ti gbọ́ ọ: á máa dún kòó nígbàkúùgbà tó bá nà padà. Fi omi ọṣẹ sí fáàfù òkè náà kó o wo bóyá á hó.

Ọ́ìlì dúdú tó ń ṣe òrùka, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Síìlì tó ń nu eruku kúrò lára ọ̀pá ti gbó, fóòmù abẹ́ rẹ̀ sì ti mu ẹrẹ̀ yó. Àwọn tó ṣe é ní kí a máa tú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ ní gbogbo wákàtí 50 tí a bá gùn ún, kí a sì tún inú ṣe ní wákàtí 100. Èmi ò tíì rí tòkúnbọ̀ kan tí wọ́n ti ṣe ìyẹn fún. Èyí tó o rà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ́ìlì ilé iṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀.

Lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó o padà wá sọ ohun tó o rí. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bó ṣe ń tú nǹkan tí a ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é.

Àkàndé_Bódìjà:

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo ti kà á láàárọ̀ yìí. Òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ìsàlẹ̀ dúró digbí. Mo fi omi ọṣẹ sí fáàfù òkè, ó ń hó wínníwínní láàárín ẹnu rẹ̀ gan-an, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí.

Ìyá_Kẹ̀kẹ́:

Ó dáa! Ó wá yá, lọ bá fọkanáísà rẹ, àmọ́ má gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ dání bọ̀. Pín-ínnì kékeré tó wà nínú fáàfù yẹn, irú ti táyà mọ́tò ni. Irinṣẹ́ tó fi ń tú u wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀: ti ìsàlẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ tú, kó tó kan ti òkè. Kó wá fún pín-ínnì náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó kàn dẹ̀ ni. Bó bá ṣì ń jò, kó fi tuntun sí i. Bó o bá fẹ́ fẹ́ ẹ padà, òkè ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀, iye kan náà tàbí kó dín díẹ̀. Iye tó bá ìwọ̀n ara rẹ mu wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, bí oòrùn ò bá tíì pa á rẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, tò ó wò: so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọ̀pá dídán lókè síìlì, gun kẹ̀kẹ́ jẹ́ẹ́, má mì, sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ibi tí okùn sún dé ni ìwúwo rẹ tẹ̀ ẹ́ dé. Fún 100 mm, 20 sí 25 mm ló tọ́.

Ní ti ọ́ìlì dúdú, bí a ṣe ń ṣe é nìyí, fara balẹ̀ kà á. Yọ wíìlì, yọ bíréèkì kúrò lára ẹsẹ̀, kó o fi náílọ́nù wé e. Ọ́ìlì tó bá kan páàdì bíréèkì, páàdì yẹn ti bà jẹ́. Tú afẹ́fẹ́ tán pátápátá. Abẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ni àwọn bóòtù tó so ó pọ̀ wà: lápá ọ̀tún, fa kọ́ńdó pupa (èyí tí à ń fọwọ́ yí) kúrò kó o tó rí bóòtù rẹ̀, lápá òsì ó wà yí fáàfù ìsàlẹ̀ ká. Má yọ wọ́n tán. Tú u yípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fi òòlù rọ́bà gbá orí rẹ̀ títí wàá fi mọ̀ pé ọ̀pá inú ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀, kó o tó wá yọ ọ́. Gbé abọ́ sábẹ́. Ohun tó máa dà jáde á rí dúdú, á sì máa rùn. Fa ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ kúrò ní gbọọrọ, má yí i.

Síìlì eruku méjèèjì, fi ohun pẹlẹbẹ tí kò ní etí mímú gbé wọn jáde. Súkúdíráfà lè ha ibi tí síìlì tuntun máa jókòó, nítorí náà fi í sílẹ̀. Fóòmù wà lábẹ́ wọn. Bó bá ṣì le, fọ̀ ọ́, fún un gbẹ, rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì títí á fi mu ún yó. Bó bá ti ń já, rọ́pò rẹ̀. Ti ìnù, spírítì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ni kó o fi nù ún, pẹ̀lú àkísà tí kì í já òwú. Má fi bẹntiróòlù fọ rọ́bà, ó lè mú kó wú.

Tó o bá ń dá a padà, fi gíríìsì sí ètè síìlì, rọra ti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ gòkè ní tààrà, kí ètè rẹ̀ má ṣẹ́ po. Dá kẹ̀kẹ́ dé orí, fi síríǹjì fa ọ́ìlì 15wt (iye wt ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), tú 15 ml sínú ihò ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, dí i padà. Fún bóòtù náà dé 7.3 Nm (ìwọ̀n bí a ṣe fún un le tó). Ẹni tí kò bá ní sípánà oníwọ̀n, kó rántí pé magnésíọ̀mù rọ̀, kì í ṣe ohun tí à ń fi gbogbo agbára fún.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan, yẹ ìdẹ̀ wò. Tẹ bíréèkì iwájú mọ́lẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ síwá-sẹ́yìn, kó o fi ìka kan ibi tí ọ̀pá dídán ti wọ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀. Bó bá ń mì níbẹ̀, búṣìn (òrùka inú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ tí ọ̀pá ń yọ̀ nínú rẹ̀) ló ti gbó, ó gba irinṣẹ́ tó pọ̀ ju òòlù lọ. Bó bá jẹ́ ọrùn ló ń mì, bẹ́ríìnì ọrùn ló dẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ṣọ́ọ̀kù.

Ràfíù_Ọ̀kadà:

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí ní Agodi Gate. Lára Bajaj Boxer, bákan náà la ṣe ń ṣe é: síìlì, ọ́ìlì, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ ń dààmú ọmọ ọlọ́mọ lórí 15wt. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì la máa ń fi sí i nígbà tí ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kù ò bá sí, kò sì sẹ́ni tó padà wá bá wa jà.

Ìyá_Kẹ̀kẹ́:

Ọ̀gá Ràfíù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò bá yín jà ní ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ́ìlì tó wà nínú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, kí ọ̀pá lè máa yọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí Àkàndé bá fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 15 ml síbẹ̀ títí yóò fi rí ojúlówó, kò ní bà á jẹ́.

Ibi tí mo ti máa bá yín jà ni inú ẹsẹ̀ ọ̀tún lókè. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì tó ń dá ìfò ṣọ́ọ̀kù dúró wà, ihò tíńtín ló ń gbà kọjá. 5wt ni wọ́n ṣírò rẹ̀ fún. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki jù, kẹ̀kẹ́ á máa pẹ́ kó tó nà padà. Ẹ fi sọ́kàn pé 5wt ilé iṣẹ́ kan lè má jẹ́ 5wt ilé iṣẹ́ kejì, kò sí òfin tó so wọ́n pọ̀. Iye cSt (ìwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó gan-an) tí wọ́n kọ sẹ́yìn ike ni ẹ máa fi wé ara wọn. Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kù ọ̀kadà tí iye rẹ̀ bá sún mọ́ ọn, ẹ fi sí i, Reba ò mọ̀ pé ti ọ̀kadà ni.

Ìdòwú_Peckham:

Ẹ jẹ́ kí n yà síbí. Èmi ní fọ́ọ̀kì RockShox Judy, ti àárín ọdún 1990 sí 1999, ó wà nínú gáréèjì látìgbà yẹn. Mi ò gùn ún rí títí, àmọ́ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, kò gbọ̀n, ó le gbagidi. Síìlì náà ni?

Ìyá_Kẹ̀kẹ́:

Rárá o. Irú tìrẹ kì í lo afẹ́fẹ́. Ọ̀pá rọ́bà onífóòmù ni wọ́n tò jọ sínú rẹ̀ dípò sípíríǹgì, yúrẹ́téènì ni wọ́n fi ṣe é. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni gùn ún kó tó bà jẹ́, ọjọ́ orí ló ń bà á jẹ́. Ṣí ìdérí òkè, wàá rí i: àwọn kan á ti le bí òkúta, àwọn mìíràn á ti yọ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí àmàlà tó sùn. Ha gbogbo rẹ̀ jáde, fi spírítì fọ inú. Má ra àtijọ́ tí wọ́n ní àwọn ò tíì lò rí, torí orí pẹpẹ náà ló ti ń gbó. Wá sípíríǹgì irin tó bá ìwọ̀n ihò rẹ̀ mu, tàbí kó o gbé e kọ́ ògiri. Judy rẹwà lára ògiri.

Àkàndé_Bódìjà:

Mo ti padà dé, mà. Fọkanáísà fún pín-ínnì yẹn, kò jò mọ́. Ó dúró títí di òwúrọ̀, kódà ó dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Mo sì ti tú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀. Inú ẹsẹ̀ òsì kò ní ọ́ìlì kankan rárá, ti ọ̀tún ló dúdú. Fóòmù fọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹnìkan máa bá mi mú síìlì bọ̀ láti London.

Ohun kan ló kù. Ọ̀pá òsì ní ojú ọgbẹ́ kan níwájú, bí èékánná ṣe gùn tó, ó dà bíi pé òkúta ló ta á. Bí mo bá fa ìka kọjá lórí rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣé ó ti ba nǹkan jẹ́ nìyẹn?

Ìyá_Kẹ̀kẹ́:

Níbo ló wà? Bó bá wà lókè pátápátá níbi tí síìlì kì í dé, fi í sílẹ̀. Bó bá wà níbi tí síìlì ń gbà, etí ọgbẹ́ tó yọ sókè yẹn á máa gé ètè rọ́bà díẹ̀díẹ̀. Wá bébà ìyọ́rin 2000 (èyí tó kúnná gan-an), rẹ ẹ́ sómi, fi gé etí rẹ̀ nìkan kúrò. Ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, má fẹ̀ ẹ́, torí àwọ̀ tó wà lórí ọ̀pá yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, bó bá ti lọ kì í padà. Spírítì, kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, bẹ ìyàwó tàbí àbúrò rẹ obìnrin kó fún ọ ní kọ́tẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ tí wọ́n ń kùn sí èékánná. Kán an sínú ihò yẹn, jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, fi bébà kan náà bù ú dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pá. Ó lè má pẹ́ títí, àmọ́ títún un ṣe kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Bí ojú ọgbẹ́ bá gùn láti òkè délẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé àwọ̀ ti lọ ní ibi gbọọrọ tó ń dán bíi fàdákà, kò sí kọ́tẹ́ẹ̀sì tó lè bá a. Tìrẹ kò dé ibẹ̀.

Tó o bá ti tò ó tán, kọ́ńdó pupa abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wàá fi tún ìfò rẹ̀ ṣe. Fi gbogbo ara tẹ háńdù mọ́lẹ̀ kó o jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí táyà iwájú bá fò kúrò nílẹ̀, ó yá jù, yí i sí apá tó lọ́ra. Bó bá ń rọra gòkè bí ẹni tí kò jẹun, á ti rì tán kó o tó dé kòtò kẹta ní ọ̀nà Mọ́níyà. Tú u díẹ̀.

Bó o bá ń fọ̀ ọ́, garawa àti kànrìnkàn tó. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò á ti eruku gba abẹ́ síìlì wọlé. Má fín WD-40 sára ọ̀pá náà, gíríìsì tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ló máa fọ̀ dànù. Bí kẹ̀kẹ́ bá máa dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dá a dé lóru kan kó o tó gùn ún, kí ọ́ìlì lè ṣàn wá bá fóòmù.

Ràfíù_Ọ̀kadà:

Ìyá wa, kí ni ìwọ̀n síìlì Reba yẹn? Tòkúnbọ̀ kẹ̀kẹ́ ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa. Mo fẹ́ kó díẹ̀ sílé kí n máa tà á.

Ìyá_Kẹ̀kẹ́:

Ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 32 mm. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì mìíràn ló ń lo ìwọ̀n yẹn, ìdí nìyẹn tí síìlì rẹ̀ kò fi tíì wọ́n lọ́jà. Ilé iṣẹ́ SKF gan-an ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọjà lẹ ń wò, ẹ má fi gbogbo owó yín lé Reba. Fọ́ọ̀kì SR Suntour XCT ló máa pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n á gbé wá bá yín, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀pá 28 mm, sípíríǹgì nínú, èyí tó rọrùn jù nínú wọn kò ní ọ́ìlì, gíríìsì nìkan ló ń jẹ. Ẹ ra gíríìsì tó dára, ẹ ra caliper tẹ́ ẹ ó máa fi wọn ọ̀pá kó tó di pé ẹ tà fún oníbàárà, kí ẹ sì bá mi sọ fún mẹkáníìkì tó ní kí wẹ́dà jó o pọ̀ yẹn pé mo kí i.